Ohun Tí Wọ́n Ń Bọ́ Nínú Àwo

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kejì

Oògùn kẹta náà ò ràn án. Dókítà ò sọ ọ́ báyẹn o. Ó kọ́kọ́ yẹ ìwé wò, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú padà, ó wá ní ara àbúrò mi ò dáhùn bí àwọn ṣe rò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tajà. Mo mọ ojú ẹni tí igbá rẹ̀ ti ṣófo tí kò fẹ́ kí oníbàárà mọ̀.

Àwa mẹ́ta la jókòó síwájú rẹ̀: èmi, Abẹ́rẹ́ àbúrò mi, àti kápẹ́ńtà ọkọ rẹ̀. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ nínú ọmú ti wọ inú ẹ̀dọ̀, ọ̀bẹ ò sì lè kàn án níbẹ̀. Oògùn ṣì kù, ó tó mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n okun tó kù lára rẹ̀ ò lè gbé ju ẹyọ kan lọ, bó bá pọ̀ tán, méjì. Tí wọ́n bá ṣi èyí mú, ó parí.

Ó wá sọ̀rọ̀ ilé ìwádìí kan tó wà lápá kejì ìlú. Ó ní jẹjẹrẹ a máa já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú àpò ìrẹsì. Àwọn ará ibẹ̀ á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ṣa òkúta yẹn jáde, wọ́n á máa bọ́ wọn nínú àwo títí wọ́n á fi pọ̀, wọ́n á wá da oògùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lé wọn lórí, oníkálukú nínú àwo tirẹ̀. Èyí tó bá pa wọ́n níbẹ̀, òun ni wọ́n á fún un. Ó ní nínú èèyàn mẹ́wàá, ti méjì péré ló ń hù.

Mo béèrè iye tí wọ́n á gbà. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, torí pé wọ́n ṣì ń kọ́ ọ. Mo gbé e yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì, mi ò rí ibi tí àdánù wà.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ẹ fẹ́ máa tọ́jú jẹjẹrẹ bí ẹni ń tọ́jú òròmọdìẹ?"

Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn kí Dókítà tó lanu. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ó ti ń jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ mi tipẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ bá ẹlòmíràn gbé."

A rẹ́rìn-ín, àfi ọkọ rẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Oòrùn pa wá lónìí. Iná ò dúró, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra yìnyín kí ẹja má bàa rọ̀. Ẹni tó ń já páálí ẹja fún wa ní owó rẹ̀ máa gun òkè láti oṣù tó ń bọ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé òjò ló ń kéde.

Abẹ́rẹ́ wá jókòó tì mí ní ìsọ̀. Láti kékeré la ti ń pè é bẹ́ẹ̀, torí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Kó tó ronú àtikọ́ṣẹ́ télọ̀ ni. Obìnrin kan gbé ẹja mi sókè, ó ní ó kéré jù. Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ wò mí dáadáa, mà. Èmi náà kéré, ẹnìkan ṣì gbé mi lọ sílé." Obìnrin náà ra méjì. Ó yẹ kí n máa san owó oṣù fún un.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá, ọ̀sán

Mo wà lórí àga gbọọrọ níwájú ilé ìwádìí, mò ń retí kí wọ́n pè mí. Mò ń kọ èyí kí oorun má bàa gbé mi lọ.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìgò kéékèèké mẹ́rin lára Abẹ́rẹ́ láàárọ̀. Apá ọ̀tún ò fún wọn, wọ́n wá iṣan títí, apá òsì ló gbà. Ọkùnrin tó ń fi alùpùpù bá wọn gbé ẹ̀jẹ̀ kọjá dárúkọ iye kan, mo ní ṣé alùpùpù náà ló fẹ́ tà fún mi ni. Mo ní màá gbé e fúnra mi. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá Ẹlẹ́ja, ẹ má jẹ́ kó gbóná o. Oòrùn yìí burú."

Ta ló ń sọ fún? Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé ẹja kọjá nínú irú oòrùn yìí, ọ̀kan ò rùn mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Mo yà sí ìsọ̀, mo mú kúlà mi tó dáa jù, mo fọ̀ ọ́ tọṣẹtọṣẹ kó má gbóòórùn, mo fọ́ yìnyín sínú rẹ̀ wẹ́wẹ́, mo bu iyọ̀ lé e lórí bí a ti ń ṣe kí òtútù rẹ̀ lè le, mo wá ri ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí àárín. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo wọ̀. Owó tí mo ná ò tó ìdajì èyí tí alùpùpù fẹ́ gbà.

Wọ́n ń pè mí.

Ọjọ́ kan náà, ìrọ̀lẹ́

Mo ti bà á jẹ́.

Ọmọbìnrin kan ló jáde sí mi, aṣọ funfun, bàtà rọ́bà, ó gé èékánná rẹ̀ dé ibi ẹran. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ṣí kúlà. Ó fi ìka méjì fa ìgò kan yọ. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti le bí òkúta.

"Mà, ta ló fi yìnyín sí i?"

"Èmi ni. Wọ́n ní kó má gbóná."

Ó fọwọ́ kan yìnyín náà, ó wo ìka rẹ̀. "Iyọ̀ nìyí?"

"Iyọ̀ ni. Òun ló ń mú kí òtútù rẹ̀ le."

Ó fa àga kan, ó jókòó. Mo rò pé á jágbe mọ́ mi. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì burú jù. "Mà, ẹja ti kú kí ẹ tó gbé e sínú yìnyín. Àwọn tí mò ń wá wọ̀nyí, láàyè ni mo fẹ́ wọn."

Ó ṣì gbìyànjú. Ó jẹ́ kí ìgò kan yọ́, ó kán díẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ awò tó ń mú nǹkan wẹ́wẹ́ tóbi, ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Gbogbo rẹ̀ ti bẹ́. Mo ní ṣé wọn ò lè gba òmíràn lọ́la. Ó pe Dókítà níwájú mi. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ara Abẹ́rẹ́ ti kéré ju kí wọ́n tún gbà tó bẹ́ẹ̀. Ó di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Kò sì gbọdọ̀ lo oògùn kankan títí dìgbà yẹn, kí àwọn tí wọ́n ń wá má bàa dín kù nínú ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì tí jẹjẹrẹ á máa jẹun tí ẹnikẹ́ni ò ní dí i lọ́wọ́.

Mo gbé kúlà mi padà sílé. Mi ò mọ ìdí tí mo fi gbé e.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo sọ fún Abẹ́rẹ́ kí ẹlòmíràn tó sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé mi sínú yìnyín?"

"Mo gbé ọ sínú yìnyín."

"Pẹ̀lú iyọ̀?"

"Pẹ̀lú iyọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. "Èló lẹ fẹ́ máa ta kílò mi?" Lẹ́yìn náà ló rí ojú mi, ó ní, "Ó tó. Ẹ má sunkún mọ́. A ó tún un ṣe ni."

Ọkọ rẹ̀ ń fá pákó níta. Ó dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Torí owó alùpùpù." Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́. Ó padà sídìí pákó rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. Ti ọkọ rẹ̀ bá a mu, tèmi ò bá a mu. Èmi tí a jọ mu ọmú kan náà. Ọkọ rẹ̀ nà sórí ibùsùn, wọ́n fa tirẹ̀ sínú àpò, èmi dúró ti ògiri, mo di báàgì rẹ̀ mú bí ìránṣẹ́. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ lára Abẹ́rẹ́. Mo háyà mọ́tò odindi, èmi nìkan nínú rẹ̀. Inú páálí lásán ni ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, mo fi aṣọ ìnura wé wọn, mo gbé e lé itan. Kò gbọdọ̀ gbóná, kò gbọdọ̀ tutù. Bí táyà bá ti ń já sí kòtò ni mò ń fi ọwọ́ méjèèjì dì í.

Awakọ̀ ní, "Ẹyin ni, Màmá?"

Mo ní, "Ó ju ẹyin lọ. Wo iwájú rẹ."

Ọmọbìnrin yẹn fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìgò kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ó dáa, mà." Mo wá ibì kan jókòó sí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Mọ́kànlélógún. Nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ yẹn, mọ́kànlélógún péré ni wọ́n rí ṣà.

Ọmọbìnrin yẹn mú mi wọ inú yàrá lọ wò ó. Ó ní kí n wọ ìbọ̀wọ́, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí n má sì sọ̀rọ̀ sórí àwo. Wọ́n ní ajọ̀ kan tí ojú rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú èèyàn lè rí. Ẹ̀jẹ̀ gidi á yọ́ kọjá, èyí tó tóbi á há. Lẹ́yìn náà ó kó wọn sínú àwo pẹlẹbẹ, ó da omi kan lé wọn, omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́, oúnjẹ wọn nìyẹn. Inú àpótí tó gbóná bí ara èèyàn ni wọ́n ń sùn. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni á máa pààrọ̀ oúnjẹ wọn, ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ iṣẹ́.

Mo ní, "Iṣẹ́ àgbẹ̀ lèyí."

Ó ní, "Àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gún, mà."

Láti òní lọ, Àgbẹ̀ ni mò ń pè é.

Ó ní ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kì í ní tó márùn-ún, pé mọ́kànlélógún dáa gan-an. Inú mi dùn. Mo ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú àtẹ̀gùn kó tó yé mi pé ohun tó dáa fún àwo ò dáa fún Abẹ́rẹ́.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹwàá

Mẹ́sàn-án ti kú. Ó ku méjìlá.

Mo kúnlẹ̀ láàárọ̀ láti gbàdúrà, ẹnu mi ò ṣí. Kí ni kí n wí? Olúwa, dá jẹjẹrẹ sí? Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Mo ní, dá a sí lọ́hùn-ún, pa á níbí, Ìwọ lo mọ bí O ṣe ń ṣe é. Mo bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan gbọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Páálí ẹja tí owó rẹ̀ gun òkè ti dé. Mo ta fìríìsà kejì fún aládùúgbò tó ń ta omi tútù. Ó fẹ́ kí n dín in kù, mo ní kó lọ ra tuntun. Ó padà wá kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọ́n ti ń pọ̀! Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó jẹ́ kí n fojú sí ẹ̀rọ awò náà. Òkùnkùn ni mo kọ́kọ́ rí, ó ní kí n ṣí ojú kejì, mo ṣí i, wọ́n sì wà níbẹ̀.

Mo gba ilé Abẹ́rẹ́ lọ tààrà. Ó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lágbára láti tẹ̀ ẹ́ mọ́, ọwọ́ ló fi ń ran etí aṣọ.

"Kí ni wọ́n jọ?"

"Ẹyin ẹja. Bí ìgbà tí a bá la inú ẹja tó ní ẹyin."

"Wọ́n pọ̀?"

"Wọ́n ń pọ̀. Wọ́n so mọ́ra."

"Wọ́n rẹwà?"

Mo wá irọ́ tí mo lè pa, mi ò rí ọ̀kan. Mo ní, "Wọ́n rẹwà."

Kò gbójú sókè nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Nǹkan mi kan mà wá ń dàgbà níta." Oyún mẹ́rin ló ní tí kò dúró, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣa òwú tó já bọ́ sílẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Funfun ojú Abẹ́rẹ́ ti di yẹ́lò. Ó yẹ ara rẹ̀ wò nínú dígí, ó ní, "Àwọ̀ yìí ò bá mi mu rí. Mi ò tiẹ̀ jẹ́ rán an fún oníbàárà."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Àgbẹ̀ ní wọn ò tíì tó. Bó bá pín wọn sí mẹ́sàn-án báyìí, wọ́n á kéré jù nínú àwo kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kú fúnra wọn, kò sì ní mọ̀ bóyá oògùn ló pa wọ́n. Ó ní wọn kì í lè dá gbé.

Mo ní, "Ṣé o ò lè fún wọn lóúnjẹ sí i ni?"

"Tí mo bá rọ́ oúnjẹ fún wọn, wọ́n á kú, mà. Àsìkò ni wọ́n fẹ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àsìkò ni mo dì sínú yìnyín.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó ti pín wọn. Àwo mẹ́sàn-án, oògùn mẹ́sàn-án. Ìkẹwàá wà lọ́tọ̀, kò sí oògùn nínú rẹ̀, kí wọ́n lè fi ìyókù wé e. Ìdáhùn di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo dé ilé Abẹ́rẹ́, kò lè dìde kí mi. Ikùn rẹ̀ ti wú.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá

Wọ́n ti dá a dúró sí ilé ìwòsàn láti àná. Ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n fún un. Ọkọ rẹ̀ gbé àpótí ìjókòó kan wá láti ilé, ó ní àga ibẹ̀ ń dún, kò ní jẹ́ kó sùn. Ṣíbí ló fi ń fún un lómi.

Èmi wà lápá kan, òun wà lápá kejì. Abẹ́rẹ́ ń wò wá lọ, ó ń wò wá bọ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì ò tíì bára yín sọ̀rọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún un kó lọ jẹun."

Mo ní, "Ó ní kó o lọ jẹun."

Ọkọ rẹ̀ kọjú sí i. "Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé mo ti jẹun."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun ti jẹun. Irọ́ ló ń pa." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. "Ògbifọ̀ ni mo wá di. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa san owó mi?"

Ọkọ rẹ̀ bu omi sí ṣíbí, èmi ń tún aṣọ ìbora rẹ̀ ṣe. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Kí ni ì bá ná mi tí mo bá bẹ ọkùnrin yẹn níwájú rẹ̀?

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Oorun ló ń sùn jù. Ó lajú lọ́sàn-án, ó ní, "Àwọn inú àwo ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ti ń gba oògùn."

"Wọ́n á ti máa bì báyìí." Ó di ojú rẹ̀ padà. "Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní n ò bá wọn jà."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Abẹ́rẹ́ lọ láàárọ̀ yìí. Òjò ń rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló pa ojú rẹ̀ dé.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Mò ń ká aṣọ rẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Ohùn Àgbẹ̀ ni, ó ga bí ohùn ọmọ tó yege ìdánwò.

"Màmá Ẹlẹ́ja! Ìkeje! Ìkeje ti pa wọ́n ráúráú, kò ku ẹyọ kan. Àwọn yòókù ò rí i ṣe. Mo pe Dókítà, kò gbé e, mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé..."

Mo ní, "A sin ín lánàá."

Mo ń gbọ́ fìríìjì tó ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, èmi ni mo wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ìdáhùn fi ọjọ́ méjì pẹ́. Yìnyín mi gba ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò kọjá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò tí mo kọ́ níbẹ̀ tó fún èyí.

Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo padà sí ìsọ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Páálí mẹ́ta ni mo já, mo ta ìkan ààbọ̀.

Oníbàárà kan ní, "Ẹni tín-ín-rín tó máa ń bú wa dà?" Mo ní ó ti sinmi. Ó ra mẹ́rin, kò ná an.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Àgbẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n láìsí aṣọ funfun. Ó kí mi kú ará-fẹ́ra-kù, ó ní ọ̀rọ̀ tó gbé òun wá ń ti òun lójú. Àwo kẹwàá, èyí tí wọn ò fi oògùn sí, ṣì ń dàgbà. Ó ti di àwo mẹ́ta. Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn tí jẹjẹrẹ tirẹ̀ fẹ́ jọ ti Abẹ́rẹ́, òun fẹ́ tọ́jú wọn kí òun lè fi wádìí oògùn fún obìnrin náà àti àwọn mìíràn tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹbí bá ní kó dà wọ́n nù, ó gbọ́dọ̀ dà wọ́n nù. Ọkọ ló ni ọ̀rọ̀.

Mo ti ìsọ̀, mo mú un lọ síbi iṣẹ́ ọkọ Abẹ́rẹ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán láì fi ohun èlò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ dà á nù."

"Sà, ó lè ran..."

"Ohun tó pa ìyàwó mi lẹ fẹ́ kí n fọwọ́ sí pé kó máa gbé? Òun wà láàyè, ẹni tó gbé e sínú ara wà nínú ilẹ̀. Ẹ dà á nù, jọ̀ọ́."

Àgbẹ̀ wò mí. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ títí mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. Mo ní, "Má dà á nù. Má sì tíì tọ́jú rẹ̀. Mú díẹ̀ nínú rẹ̀, fi oògùn keje sí i lójú wa. Mi ò gba ọjà tí mi ò fojú rí."

Ọkọ rẹ̀ yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ rí?"

"Mo fẹ́ rí bóyá èmi ni mo pa á."

Ó fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbọn eruku pákó nù lápá, ó ń gbọ̀n ọ́n lọ, kò sì sí eruku níbẹ̀ mọ́.

"Ìyókù ńkọ́?"

"Tí ti àwo yẹn bá kú lójú wa, tiwa ti tán. Kí ìyókù lọ ran ẹni tó bá lè ràn."

Ó mú fìlà rẹ̀, ó dé e. Ó ní, "Èmi náà á wá."

Mọ́ńdè, ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún

Àgbẹ̀ gbé àwo méjì jáde, ó fi oògùn sí ọ̀kan níwájú wa, kò tó ẹ̀kán omijé. Mo wò ó. Ọkọ Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ awò náà, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí mo fi rò pé ẹ̀yìn á máa ro ó.

"Ó kéré."

"Ó kéré, sà."

"Nǹkan tó kéré báyìí," ó wí, ó sì bọ́ fìlà rẹ̀, ó dì í mú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

A tún lọ. Etí àwọn inú àwo tó gba oògùn ti ń fọ́. Òjò ò jẹ́ ká rí ọkọ̀ bọ̀rọ̀, a fẹsẹ̀ rìn dé ìdajì ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ mú agbòòrùn lọ́wọ́, ó ń fi gbogbo rẹ̀ bo apá ọ̀dọ̀ mi.

Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Kò sí nǹkan kan nínú àwo wa mọ́ àfi bí eruku, ó fọ́n káàkiri, kò so mọ́ra. Àgbẹ̀ gbé èkejì tì í, èyí tí kò gba oògùn. Ìyẹn kún dẹ́múdẹ́mú. Mo wo èyí, mo wo ìyẹn, mo tún wo èyí.

Mo ní, "Ṣé bí ì bá ṣe rí nínú ara Abẹ́rẹ́ nìyí?"

"Mi ò lè sọ, mà. Àwo kì í ṣe èèyàn. Oògùn tó ṣiṣẹ́ níbí lè má ṣiṣẹ́ nínú ara."

"Àmọ́ ó lè ṣiṣẹ́."

Ó ń fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Sọ ọ́, ọmọ mi. Má rẹ̀ mí lẹ́kún."

"Ó lè ṣiṣẹ́, mà."

Ọkọ Abẹ́rẹ́ ní kó mú ìwé wá. Ó fọwọ́ sí i fún ìyókù, ó kọ orúkọ Abẹ́rẹ́ ní kíkún, ó kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ dá àwo tó kún padà sínú àpótí olóoru, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Tiwa ló kù lórí tábìlì. Ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ awò, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó ní, "Ó ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

Mo ní, "Ó ṣiṣẹ́."

Ó mú agbòòrùn, a jọ jáde.